Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Sitabiláísà

Mi ò lè ní sùúrù fún nǹkan. Bí mo bá gbé omi kaná, màá ṣí ìdérí ìkòkò wò nígbà márùn-ún kó tó hó. Ìdí nìyí tí sitabiláísà ilé wa ní Surulere fi máa ń bí mi nínú. Bí iná bá dé, ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko ló máa fi dá a dúró kó tó jẹ́ kó wọ inú ẹ̀rọ.

Màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló rà á, nítorí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ oògùn sí wọn nímú bí ikọ́ fée wọn bá dìde. Wọ́n mọ̀ pé bí iná àdúgbò wa bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó lè le jù, kó jó ohunkóhun tó bá wà lára ògiri.

“A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná,” ni wọ́n máa ń wí.

“Ó máa ti dì kẹ́ ẹ tó lá a o, Mọ́mì.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ikọ́ náà dé, kò sì síná. Wọ́n di apá àga mú, àyà wọn ń dún fín-ín fín-ín. Mò ń lọ, mò ń bọ̀ nínú pálọ̀. Bí àwọn ará ilé kejì ṣe pariwo pé iná ti dé, mo sáré sídìí ẹ̀rọ. Iná pupa ló wà lójú sitabiláísà, ó ṣì ń ka ìṣẹ́jú rẹ̀. Màmá mi na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró.

Ta ló fẹ́ dúró? Mo fa wáyà ẹ̀rọ yọ lára sitabiláísà, mo tì í bọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Ó kùn díẹ̀, inú mi dùn. Gílóòbù bá mọ́lẹ̀ yòò, nǹkan dún tááì, òórùn wáyà tó jóná gba gbogbo ilé.

Nígbà tí iná tó le jù náà rọlẹ̀, sitabiláísà ní tirẹ̀ ti ṣetán. Kò sí ẹ̀rọ tí a máa so mọ́ ọn mọ́.

Mo gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di ilé ìwòsàn kan ní Yaba. Ẹ̀rù bà mí gidi. Mò ń ka èémí wọn lọ́nà, òmíràn ò sì tètè dé.

Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ló dá èémí wọn padà. Nọ́ọ̀sì wá béèrè pé, “Mà, ṣé ẹ ò ní machine yìí nílé ni?”

Màmá mi, tó na mí ní kékeré nítorí irọ́ tí ò tó nǹkan, wò mí.

“A ní,” ni wọ́n wí. “Iná ni ò tíì dé.”

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò wọ́n.