Ohun Tí Wọ́n Ń Tẹ̀ Kí Wọ́n Tó Gbéra

Nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ tí mi ò rí iṣẹ́, mo padà sí Aramọkọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ó ní ilé ìtura kékeré kan, yàrá mẹ́jọ, tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ kọ́. Ẹ̀yìn ilé náà ni a sin ọkọ náà sí. Àwọn tó ń lọ wo odò gbígbóná ní Ìkògòsì, àti àwọn tó wálé wá sìnkú, ni wọ́n máa ń sùn níbẹ̀. Ìgbà tí mo dé, yàrá kan ṣoṣo ni àlejò wà, ẹni yẹn náà sì ń di ẹrù rẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ti ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà òkè tó gba inú igbó láti Ẹ̀fọ̀n wá sọ́dọ̀ wa. Mi ò lè sọ pé ó pọ̀ tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Ènìyàn mẹ́ta lè ròyìn ohun kan náà kí ó sì dà bí ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀, ó sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìyẹn ti tó fún ẹni tó fẹ́ kó ìdílé rẹ̀ wá láti Ìbàdàn.

Màmá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti ní kí obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àlejò máa lọ sílé ná. Ó sọ fún mi pé bí ọdún bá parí báyìí, òun á ti ilé náà pa, òun á sì lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun ní Èkó. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àìsàn.

"Kí ni mo fẹ́ máa ṣe nínú fúláàtì? Kí n máa wo ògiri? Níhìn-ín ni baba yín wà." Ẹ̀yìnkùlé ló nawọ́ sí.

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Mo rò ó pé bí àlejò ò bá rí wa, kò lè wá, mo sì ṣe ìkànnì kan fún ilé náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣíṣe é kò le. Kí ènìyàn rí i ló le. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò sùn kò mọ̀ wá. Ẹ̀rọ ìṣàwárí tó wà lórí fóònù rẹ̀ ni yóò bi. Ẹ̀rọ náà ti ka ìkànnì gbogbo ayé sílẹ̀, ó sì ti tò wọ́n, èyí ṣáájú, èyí tẹ̀lé e. Ẹni tí kò bá sí lára àwọn tó ṣáájú, ẹ̀yìn ìlú ló wà.

Mo kọ́kọ́ rò pé bákan náà ni gbogbo àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ń ṣe. Rárá. Èyí tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù máa ń yà lọ́dọ̀ wa léraléra láti wò bóyá ohun tuntun wà. Èkejì, tó máa ń bá kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wá, kì í tètè yà. Àkọlé ojú ìwé ló gbà gbọ́ jù, ohun tó bá sì ti kà lè wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wíwò ni mo fi mọ èyí, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ìkànnì tiwa nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Àwọn ẹ̀rọ náà máa ń fi ohun tí àwọn ènìyàn tẹ̀ han ẹni tó ni ìkànnì. Mo ń retí "ilé ìtura tó mọ́". Ohun tí mo rí ni: ṣé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n sí Aramọkọ dára báyìí? Ṣé ọkọ̀ ń kọjá? Mo wá ìdáhùn sí i fúnra mi, mi ò rí. Ìròyìn ìjínigbé ló kún ibẹ̀, tuntun àti àtijọ́, láìsí ìyàtọ̀.

Mo sọ fún Màmá.

"Wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè, dá wọn lóhùn. Kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò séwu."

"Màmá, mi ò mọ̀ bóyá kò séwu."

"Ta ló bi ọ́ bóyá o mọ̀?"

"Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ ni."

"Gbogbo ìwé tí o kà yìí, kò sí èyí tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àlejò káàbọ̀."

Mo lọ sí gáréèjì. Awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tó wá láti ìlú kan ní Ọ̀ṣun, tó ti ń gbé Aramọkọ kí wọ́n tó bí mi. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ni ọ̀nà òkè ṣe rí lónìí?"

"Ọ̀nà dùn bí oyin."

"Ìgbà wo lẹ máa gbéra?"

"Bí ọkọ̀ méjì yẹn bá kún, a ó jọ lọ."

"Bí wọn ò bá kún títí aago mẹ́rin ńkọ́?"

"A ó sùn síhìn-ín."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó dùn bí oyin."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. "Alákọ̀wé," ó ní, "ṣé ẹnu ara mi ni o fẹ́ kí n fi ṣépè fún ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà? Bó o bá fẹ́ gbọ́ aburú, lọ bi ẹni tí kò rìn."

Mo rò ó bí mo ti ń lọ sílé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í pe ọ̀nà ní búburú. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ á ní ara òun le. Irọ́ kọ́. Bí nǹkan ṣe yẹ kó rí ni ó ń sọ, kì í ṣe bó ṣe rí, gbogbo wa la sì mọ̀. Nítorí náà mo jáwọ́ nínú bíbéèrè. Mo ń lọ sí gáréèjì láràárọ̀ àti ní ọ̀sán láti wo ohun tí wọ́n ń ṣe: ìgbà tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ gbéra, bóyá wọ́n dúró de ara wọn, ìgbà tí wọn ò lọ mọ́. Ìyẹn nìkan ni mo ń kọ sórí ìkànnì. "Lónìí, ọkọ̀ mẹ́ta jọ gbéra láàárọ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́ta, kò sí ẹni tó lọ."

"O ń lé àlejò mi," ni Màmá wí.

Ṣùgbọ́n ojú ìwé náà gòkè. Nínú ẹ̀rọ àkọ́kọ́, ó kọjá ìròyìn, ó sì bọ́ síwájú, bóyá nítorí pé òun nìkan ló dá ìbéèrè náà lóhùn, bóyá nítorí pé ó ń yí padà lójoojúmọ́. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí pè. Wọn ò pọ̀, àárọ̀ sì ni wọ́n ń kọjá. Obìnrin tó ń se oúnjẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Màmá kò sọ̀rọ̀ Èkó mọ́.

Nínú ẹ̀rọ kejì, a ò sí níbì kankan. Ọ̀rẹ́ Màmá kan pè pé òun wá wa ní ọ́fíìsì òun, òun ò rí wa. Màmá bi mí léèrè, mo sì ṣàlàyé pé àkọlé ni ẹ̀rọ yẹn máa ń wò jù. Mo ti kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi fóònù rẹ̀ wọ inú ìkànnì náà, kó lè máa sọ pé yàrá ti kún bí mi ò bá sí nílé.

Mo lọ sí Adó fún ìdánwò iṣẹ́, mo sì sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí mo dé, àkọlé ti yí padà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ gún. Ohun tó kọ ni pé ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n sí Aramọkọ kò léwu mọ́, kò sí ibi lọ́sàn-án, kò sí ibi lóru, ní agbára ẹ̀jẹ̀ Jésù.

"Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì yìí ló ní tirẹ̀ lókè ilẹ̀kùn," ó ní. "Gbogbo ọkọ̀ ló kọ ọ́ sẹ́yìn. Ta ló máa kà á tí kò ní mọ̀ pé àdúrà ni?"

Mo ṣí ẹ̀rọ kejì. A ti wà lókè pátápátá. Ẹ̀rọ kì í gba àkọlé gígùn, ó ti gé e: "Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n sí Aramọkọ kò léwu mọ́". Ìyókù kò sí níbẹ̀. Mo dá àkọlé ti tẹ́lẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tètè rí i. Èkejì kò yà mọ́. Mo ránṣẹ́ sí i, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, pé kó wá tún wa kà. Kò wá.

Láàárín ìgbà yẹn, ọkùnrin kan gba yàrá lórí ìkànnì fún òun àti ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá sìnkú baba ìyàwó ní Ìpótì. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, bí mo ti ń ṣe fún gbogbo àlejò, pé kí wọ́n jọ̀wọ́ kọjá láàárọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó kà á.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, Màmá fúnra rẹ̀ ló tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Wọn ò dé. Awakọ̀ ará Ọ̀ṣun ló wá sọ fún wa pé wọ́n bá ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà òkè, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Kò ṣàwàdà lọ́jọ́ náà. Wọ́n tú ìyàwó sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọkọ kò bá a wá. Àwọn ọdẹ ló rí òkú rẹ̀.

Nígbà tí ìsìnkú méjèèjì parí, obìnrin náà wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ó ní òun fẹ́ rí ilé náà ni. Màmá gbé omi fún un. Ó gbà á, ó dì í mú, kò mu ún.

"Ọkọ mi ló rí yín," ó ní. "Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì rẹ̀ ló ti rí yín. A ti pẹ́ kí á tó dé Iléṣà, mo ní kí á sùn síbẹ̀. Ó ní àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló kọ ọ́ pé kò séwu mọ́, pé wọ́n á mọ̀ ju àwa lọ."

Mo ní ohun púpọ̀ láti sọ. Pé a ti yí i padà. Pé ẹ̀rọ ló gé e. Pé mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì sí èyí tó wúlò fún un nínú wọn.

"Èmi ni mo kọ ọ́, ọmọ mi," ni Màmá wí. "Àdúrà ni mo fi ṣe."

"Èmi náà gbàdúrà nígbà tí a wọkọ̀, Mà."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ní kí a fi yàrá tí àwọn ì bá sùn sí han òun. Màmá ṣí i. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, wọ́n sì lọ.

Mi ò lè sọ pé àkọlé yẹn ló pa ọkùnrin náà. Àwọn tó gbé ìbọn ló pa á. Wọ́n pẹ́ lójú ọ̀nà, kò sì sí ọkọ̀ mìíràn tí wọ́n jọ rìn. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú gbogbo èyí, mi ò mọ̀ bóyá yóò ṣì ṣẹlẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ṣeé ṣírò. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá. Ó ní kí n dákẹ́.

Àwọn ènìyàn ti gba yàrá sílẹ̀ fún Kérésìmesì. Màmá pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀ wọ́n, ó dá owó wọn padà. "Mi ò lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò mọ́," ó ní. Ó ní kí n pa gbogbo ìkànnì náà rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ojú ìwé gáréèjì wà, pé òótọ́ ló wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń lò ó.

"Orúkọ ilé mi ló wà lórí rẹ̀. Pa á."

Mo pa á. Màmá gba ọ̀nà Adó lọ sí Èkó, kò gba ọ̀nà òkè. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà, èmi ni mo ń ro koríko ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tètè yọ wá kúrò. Èkejì ṣì ń fi wá ṣáájú fún ìgbà díẹ̀, ojú ìwé tí kò sí mọ́, pẹ̀lú gbólóhùn Màmá tí wọ́n gé. Ní ọjọ́ tí mo wò ó tí mi ò rí wa mọ́, mo tẹ ìbéèrè náà fúnra mi sínú ẹ̀rọ méjèèjì. Ìròyìn ìjínigbé ló jáde, tuntun àti àtijọ́. Ti ọkùnrin yẹn wà láàárín wọn. Kò sí ojú ìwé kankan tó sọ ìgbà tí àwọn ọkọ̀ gbéra láàárọ̀ ọjọ́ náà.