Ìka Ọwọ́ Ìyá Ráfíù Tí Mo Gbé Sórí Ìtàgé

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù bí olú lọ́nà Ìdíìrókò, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Sángo. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ní kí n sọ bí a ṣe jà, mi ò ní purọ́ fún yín: ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Àwọn ọ̀gá ti yọ irin ìdábòbò kúrò lára ẹ̀rọ kí iṣẹ́ lè yá. Wọ́n wá gbé ìwé kan jáde fún àwọn kásúà, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lójúmọ́: ẹni tí ẹ̀rọ bá gé lọ́wọ́, ẹ̀bi ara rẹ̀ ni. Ọjọ́ Ajé ni gbogbo wọn máa tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọlọ́pàá ò jẹ́ ká ṣèpàdé. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá eré ṣọ́ọ̀ṣì dúró ní Ọ̀tà? Pásítọ̀ kan ní Ìjokò yá wa ní gbọ̀ngàn fún ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Eré la máa fi bá àwọn kásúà sọ̀rọ̀ kí wọ́n má tọwọ́ bọ̀wé, èmi sì ni wọ́n ní kí n kọ ọ́.

Háà! Ẹni tí kò tó gèlètè kì í mí fìn, èmi mí fìn. Mo kọ́kọ́ kọ ti ọba burúkú kan. Mo kà á fún Bọ̀dá Lékan, alága wa. Ó yán.

"Akọ̀wé, ọba yìí máa kú lẹ́yìn, àbí?"

"Ó máa kú."

"Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ bẹ́ẹ̀! Lọ kọ òmíràn."

Mo kọ ti olówó kan tó ronú pìwà dà. Ó fa ìwé náà ya.

"Bí ọ̀gá bá ti ronú pìwà dà, kí la tún fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ fún? Ìtàn tí wọn ò gbọ́ rí ni kí o gbé wá!"

Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Mo gbàdúrà, mo bú ara mi, mo sunkún bí ọmọdé. Ibẹ̀ ni mo ti rántí Ìyá Ráfíù, ọ̀kan nínú àwọn kásúà wa.

Ọmọ Ìwó ni, Joju ló ń gbé. Ẹ̀rọ ti gé ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kásúà tó bá fara pa, lílé ni wọ́n ń lé e, nítorí náà ó sọ fún àwọn ọ̀gá pé ilẹ̀kùn mọ́tò ló gé òun. Àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nìkan la mọ òótọ́, a sì bò ó láṣìírí.

Mo kọ ọ́ tán láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà sí Àṣàkẹ́, ṣùgbọ́n mo fi ilẹ̀kùn mọ́tò yẹn sílẹ̀, torí òun ló dùn jù. Mi ò bi í. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bi í!

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Nígbà tí Àṣàkẹ́ purọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò, obìnrin kan bú sẹ́kún láàárín èrò.

"Yéè! Ìyá Ráfíù wa nìyí!"

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ráfíù níbi tó jókòó sí. Ó sáré ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn. Ọ̀gá tó ń gbani síṣẹ́ wà ní ìjókòó iwájú. Alàgbà ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, èmi ò sì wádìí.

Ní ọjọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀wé. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá Ìyá Ráfíù padà lẹ́nu géètì, wọ́n ní òpùrọ́ ni. A daṣẹ́ sílẹ̀ títí wọ́n fi dá irin ìdábòbò padà. Kí wọ́n gba Ìyá Ráfíù padà nìkan ni wọn ò gbà, ó sì ti rẹ àwọn èèyàn wa, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo lọ bá a ní Joju, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò bú mi.

"Akọ̀wé, ṣé o ò lè bi mí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa kọ̀."

"Ǹ bá kọ̀. Ọmọ mẹ́ta ni mò ń bọ́."

Títí mo fi kúrò nílé iṣẹ́ yẹn, ẹ̀rọ ò gé ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyẹn la rí gbà. Ìyá Ráfíù kó lọ sí Ìtẹ̀lé, mi ò sì mọ ohun tó ń jẹ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bi mí bí mo ṣe rí ìtàn tuntun. Mi ò rí ìtàn kankan, mo jí i ni. Bí mo bá ti bi í, bóyá àwọn kásúà ì bá tọwọ́ bọ ìwé yẹn, kí ìka ẹlòmíràn sì tún bọ́. Mo ti rò ó títí, mi ò mọ èwo ni ǹ bá yàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló yẹ kó yàn.