Àga Bàbá Mi ní Etí Òkun

Kò sí ẹni tó kọ́ àtíbàbà ní etí òkun Èkó tó tó tèmi. Ìwé kẹta ni mo kà dé kí n tó jáwọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé dé góńgó ni wọ́n ń wá ibòòji wá sábẹ́ òrùlé mi. Imọ̀ àgbọn ni mo fi ń bò ó, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń hun ún tí ẹ̀fúùfù kò fi ní ká a. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Bá Bíìṣì ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kí n sọ ọ́ bí mo ṣe bá a, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ròyìn ẹ̀ lórí rédíò kò fẹsẹ̀ tẹ ìyanrìn ibẹ̀ rí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, ìyanrìn náà fẹ̀ débi pé ẹni tó bá kúrò ní títì á ti làágùn kó tó kan omi. Àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà lápá kan, àwọn Gàmbàrí ń fi ẹṣin gbé ọmọ ọlọ́mọ káàkiri, onífọ́tò ń lé tọkọtaya kiri bí eṣinṣin. Ibẹ̀ náà ni àwọn sójà ti máa ń so adigunjalè mọ́ àgbá, tí wọ́n á yìnbọn pa wọ́n lójú gbogbo ayé. Àwọn tó wá wòran ikú yẹn náà ló máa ń gbé ìrẹsì padà wá jẹ tó bá di ọjọ́ ìsinmi. Èkó nìyẹn.

Àgbà Ìlàjẹ kan tó ń pẹja nítòsí wa ló là mí lóye ohun tó ń ṣe ibẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó ló to òkúta sí ẹnu ọ̀nà omi kí ọkọ̀ ńláńlá lè máa ráyè wọ Àpápá. Òkúta yẹn ló dá ìyanrìn tó yẹ kó máa ṣàn bọ̀ lọ́dọ̀ wa dúró. Láti ìgbà náà ni òkun ti ń kó tiwa lọ, tí kì í dá a padà. Ohun tó ń bọ́ Èkó náà ló ń jẹ wá.

Èmi ò kà á sí. Ohun tí mo kà sí ni bàbá mi. Ó wà nílé wa ní Ìlàrè ní Ilé-Ifẹ̀, ó ti darúgbó, kò rí òkun rí, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ló ti ń sọ fún wa pé Ifẹ̀ ni òkun ti ṣẹ̀. Mo ṣèlérí fún un níṣojú gbogbo agboolé pé á wá jókòó nínú àtíbàbà mi, á sì ki ẹsẹ̀ bọ omi. Mo ra àga onírọ̀gbọ̀kú kan, mo gbé e síwájú. Torí àga yẹn ni mo ṣe kọ́ tèmi sún mọ́ omi ju ti gbogbo èèyàn lọ, kí ẹsẹ̀ arúgbó má baà rìn jìnnà. Ọ̀gá sójà kan fẹ́ fìdí lé e lọ́jọ́ kan.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibòmíràn. Àga bàbá mi nìyẹn.”

“Bàbá ẹ dà?”

“Ó ń bọ̀.”

Ó wò mí, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èmi náà nìyẹn!

Ìyá Alágbọn, tí àtíbàbà tirẹ̀ wà lẹ́bàá títì, kì í fi mí lọ́rùn sílẹ̀. “Onífẹ̀! Ṣebí ẹ ní ilé yín ni òkun ti wá? Ẹ sọ fún un kó máa lọ sílé o, ó ti ń bọ̀.”

“Tí ẹ bá rí i tó ń bọ̀, èmi ló fẹ́ wá kí. Kí ló kàn yín ńbẹ̀?”

Ọdún tó tẹ̀lé èyí tí wọ́n fagi lé ìbò ààrẹ, mo ránṣẹ́ sí bàbá pé kó máa múra. Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ epo da iṣẹ́ sílẹ̀. Bẹntiróòlù di wúrà, mọ́tò ò lọ, mọ́tò ò bọ̀. Bàbá jókòó sí Ìlàrè, ó ti di ẹrù rẹ̀. Òkun ò sì dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní tiẹ̀. Ó ń jẹ bọ̀, títí omi fi ń lá ẹsẹ̀ àga náà.

Mo lọ bá Ìyá Alágbọn pé kó sún fún mi díẹ̀, kí n gbé òpó mi sẹ́yìn títí bàbá á fi dé.

Ó rẹ́rìn-ín títí. “Àlejò yín ló dé yẹn, Onífẹ̀. Ẹ gbà á lálejò.”

Kò sẹ́ni tó sún fún mi nínú gbogbo wọn. Ìlara ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, omi ru, ó gun orí ilẹ̀, ó kó òpó, ó kó òrùlé, ó gbé àga bàbá mi lọ níṣojú mi. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò mí. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò kí mi pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí epo padà dé, mo lọ mú bàbá wá. Èmi kì í kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo rò pé màá tètè na àtíbàbà mìíràn, ṣùgbọ́n àwọn sójà tí ìjọba fi síbẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ri igi mọ́lẹ̀ mọ́. Típà ń já ìyanrìn sínú omi, omi ń gbé e mì. Bàbá dúró sẹ́bàá títì, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó wò ó títí.

“Ìyanrìn ni wọ́n fi ń bọ́ òkun?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

“Àtíbàbà tìrẹ ńkọ́?”

Mo nawọ́ sí orí omi. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo omi. Wọn ò jẹ́ kó sún mọ́ omi, ká má tíì sọ ti kíki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo gbé e sínú mọ́tò, a darí sí Ifẹ̀.

Àwọn ará ilé ti pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dè wá. Àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ bèèrè: “Ẹ̀gbọ́n, àga tí wọ́n ń sọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó tù yín lára láti jókòó?”

Bàbá ní, “Ìdúró ni mo dúró.”

Ẹ̀rín bú. Mo jágbe mọ́ wọn pé ẹni tí kò bá tíì dé etí òkun rí nínú wọn kó pa ẹnu mọ́. Gbogbo wọn sì pa á mọ́, torí kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ rí. Bàbá mi nìkan ni kò wojú mi. Ó ti bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó ń gbọn ìyanrìn inú rẹ̀ dànù sí ẹnu ọ̀nà.