Ìbuwọ́lù Tí Wọ́n Ti Fagi Lé

Inú ń bí mi o, mi ò sì ní fi bò. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti ń tún páìpù ṣe nílé iṣẹ́ omi ìjọba, débi pé àdúgbò ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. Tọmọdé tàgbà ń pè é ní Bàbá Páìpù.

Láyé àtijọ́, bí páìpù bá bẹ́, Bàbá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́bìrì títí ọ̀gá mẹ́ta yóò fi bu ọwọ́ lu fọ́ọ̀mù. Ọ̀kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ẹ̀kẹta máa ń wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Omi á máa ṣàn lójú títì, Bàbá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, fọ́ọ̀mù á wà lórí itan rẹ̀.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá àgbà tuntun dé. Ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí àgbàlá, ó sì fa fọ́ọ̀mù ya lójú wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín, a ti fọkàn tán yín. Láti òní lọ, ẹni tó bá rí ibi tó ń jò, kó tún un ṣe. Kò sí pé à ń wá ìbuwọ́lù kiri mọ́." Lọ́jọ́ yẹn, Bàbá súfèé wọlé. Mi ò gbọ́ kó súfèé rí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí páìpù ńlá bẹ́ lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí. Àwọn aláboyún ń rọbí lọ́wọ́, kò sí omi tí wọ́n máa fi fọwọ́, nọ́ọ̀sì àgbà sì ń pariwo lórí fóònù. Bàbá sáré lọ gba jọ́ìntì tí wọ́n fi ń so páìpù ní sítọ́ọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́jú ibẹ̀, ogún ọdún ni wọ́n ti jọ ń jẹun ọ̀sán.

"Fọ́ọ̀mù dà?" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí.

"Ṣé o ò sí ní àgbàlá ni? Wọ́n ní wọ́n fọkàn tán wa."

"Ìwọ ni wọ́n fọkàn tán. Èmi ńkọ́, bí ẹrù ò bá pé lọ́la, ta ni mo máa nàka sí? Má bínú, wá ìwé wá."

Bàbá pe ọ̀gá àgbà títí. Ọ̀gá ti pa fóònù, ó lọ sípàdé tí wọ́n ti ní kó wá ṣàlàyé ìfọkàntán fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn. Nọ́ọ̀sì tún pè. Ni Bàbá bá fa fọ́ọ̀mù àtijọ́ kan yọ lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, ó sì bu ọwọ́ àwọn ọ̀gá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lù ú fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó, ó mọ̀, ó sì gbé jọ́ìntì fún un. Kí oòrùn tó wọ̀, omi ti dé ilé ìgbẹ̀bí.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Nígbà tí fọ́ọ̀mù náà dé ọ́fíìsì, kúẹ́rì, ìwé ẹ̀sùn, ni bàbá tèmi tẹ̀: wọ́n ní ó ṣe ayédèrú ìbuwọ́lù. Ìbuwọ́lù tí wọ́n ti fagi lé!

Ọ̀gá àgbà bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe ayédèrú ohun tí a ò béèrè?"

"Ọ̀gá, ẹ fọkàn tán èmi. Ẹ ò fi ọkàn ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ balẹ̀."

Wọ́n ní kó lọ jókòó sílé fóṣù kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé òun ò mọ nǹkan kan. Nígbà tí Bàbá fi máa padà, fọ́ọ̀mù ti padà, ọ̀gá tó ń bu ọwọ́ lù ú sì ti di mẹ́rin. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò kí i dáadáa mọ́. Wọ́n ní òun ló bà á jẹ́ fáwọn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, páìpù bẹ́ níwájú ilé wa gan-an. Omi ń gbẹ́ ìdí ògiri aládùúgbò wa, obìnrin náà ń kígbe, "Bàbá Páìpù, ẹ gbà wá o!" Mo sáré gbé sípánà Bàbá jáde.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, gbogbo irinṣẹ́ ló wà nílé."

Ó wo omi náà. Ó mọ ibi tó ti bẹ́, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀ ọ́n.

"Wọn ò tíì bu ọwọ́ lù ú," ló wí.

Ó gba sípánà lọ́wọ́ mi, ó lọ tọ́jú rẹ̀, ó gbé báàkẹ́ẹ̀tì méjì jáde láti fi gba omi náà. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbá wọn létí. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá ṣì jókòó síwájú ilé. Bí báàkẹ́ẹ̀tì kan bá kún, á gbé èkejì sí i.