Ajá Tó Ń Jẹ́ Mo-Mọ̀-Ọ́n

Ọjọ́ tí ajá náà kọ ẹ̀dọ̀ tí mo fi lọ̀ ọ́ ni mo ti mọ̀ pé ẹnì kan nínú yáàdì yẹn ń ba iṣẹ́ mi jẹ́.

Ẹ̀dọ̀ màlúù ni. Mo sè é nílé mi ní Oyigbo, mo gé e wẹ́wẹ́ bí ẹyọ àgbàdo, mo sì dì í sínú ọ̀rá wá sí yáàdì ọ̀gá mi ní ìgboro. Mo ní, "Jókòó." Ó jókòó. Mo ju ẹyọ kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì gbójú sápá kan. Àwa tí a kọ́ iṣẹ́ ajá nínú ọlọ́pàá kì í pe oúnjẹ kékeré yẹn ní ìpápánu. Owó-oṣù là ń pè é, torí pé ajá gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kó tó gbà á. Sájẹ́ǹtì tó kọ́ mi níṣẹ́ a máa sọ pé, "Ajá tí kò gba owó-oṣù rẹ mọ́, ó ti ríṣẹ́ síbòmíràn." Ta wá ni ọ̀gá rẹ̀ tuntun?

Ìfura mi ní ìdí. Lẹ́yìn tí mo fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní ipò kọ́púrà ni ọ̀gá kọ́sítọ̀ọ̀mù kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, gbà mí pé kí n wá kọ́ ajá òun. Bọ́bì ni ajá àkọ́kọ́. Mo kọ́ ọ láti jókòó, láti dùbúlẹ̀, láti bọ èèyàn lọ́wọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan la bá a lẹ́yìn kíṣìnì, ó ti kú, ìfófòó bo ẹnu rẹ̀. Ọ̀gá ní wọ́n fún un ní májèlé jẹ ni. Ìdílé kan ṣoṣo ló sì tún wà nínú yáàdì náà: Ìyá Káyọ̀dé, tíṣà àgbà ọmọ Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń ṣàròyé pé ajá ń gbó jù.

Ọ̀gá ò bá a jà. Ó ra ọmọ ajá mìíràn, ó sì sọ ọ́ ní Mo-mọ̀-ọ́n. Yorùbá ni wá. Ọ̀rọ̀ tí a kò bá lè kò aládùúgbò lójú sọ, ajá la fi ń sọ ọ́.

Orúkọ la sì kọ́kọ́ ń kọ́ ajá. O ó pè é, á wò ọ́, o ó san owó-oṣù. O ó tún pè é. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dúró láràárọ̀ lábẹ́ fèrèsé Ìyá Káyọ̀dé, tí mò ń kígbe, "Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ ọ́n!" Kọ́tìnnì á mì díẹ̀. Kí n má purọ́, ó ń dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ràn Bọ́bì, ikú rẹ̀ sì ká mi lára gan-an.

Nígbà tí Mo-mọ̀-ọ́n wá kọ ẹ̀dọ̀, mo lọ bá Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹnì kan ń bọ́ ajá yìí lẹ́yìn wa."

"Kọ́púrà, ìwọ ṣáà bá mi mú un. Bó o bá ti mú un, lanlọ́ọ̀dù á lé e jáde ní yáàdì yìí."

Mo mọ̀ pé ó lè ṣe é. Lanlọ́ọ̀dù kì í kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, ó ti lé lógún ọdún tí Ìyá Káyọ̀dé ti ń gbé níbẹ̀, kò sì ní ilé míì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣe bí ẹni tó ń lọ ilé, mo sì yà sẹ́yìn táǹkì omi. Kò pẹ́ tí Ìyá Káyọ̀dé fi jáde, ẹyin sísè lọ́wọ́ kan, ẹja gbígbẹ lọ́wọ́ kejì. Ó ju ẹja náà sílẹ̀ níwájú ajá. Mo fò jáde, mo gbá a lọ́wọ́ mú.

"Màmá, ọwọ́ ti bà yín lónìí!"

"Wetin dey do you? Tú mi sílẹ̀, jàre. Wo ajá!"

Mo wo ajá. Ó jókòó, ẹja wà nísàlẹ̀ imú rẹ̀, itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹnu kàn án. Màmá ní, "Káre, ọmọ dáadáa." Ó bó ẹyin, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ajá sì jẹ ẹ́ níbẹ̀.

"Oṣù kan gbáko ni mo fi kọ́ ọ," ó wí. "Kí òmíràn má bàa tún kú sí mi lọ́rùn. Na you spoil the first one."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ! Nígbà tí èkúté ń dà mí láàmú, mo fẹ́ fi ọ̀tápíapía po ẹja sẹ́yìn kíṣìnì. Mo kọ́kọ́ bi ọ́ pé ajá ò ní jẹ oògùn èkúté yìí? Kí lo wí?"

Mo rántí ohun tí mo wí. Ẹ̀rín ni mo rín, mo ní, "Màmá, ajá tí mo bá kọ́ kì í jẹ ohun tí mi ò bá ní kó jẹ." Irọ́ ni. Mi ò fẹ́ itọ́ Bọ́bì lọ́wọ́ mi, nítorí náà ilẹ̀ ni mo máa ń ju owó-oṣù rẹ̀ sí. Èmi ni mo kọ́ ọ pé ohunkóhun tó bá ti wà nílẹ̀, tirẹ̀ ni.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ látọjọ́ yìí, Màmá?"

"Ta ni n bá sọ ọ́ fún? Ṣebí ẹ ti ní ẹ mọ̀ ọ́n."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gá, ojú ń tì mí gidi. Mo rò pé á lé mi. Ó bọ́ fìlà, ó sì lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Káyọ̀dé. Nígbà tó jáde, ohun tó bá mi sọ kò ju pé, "Kọ́púrà, láti ọ̀la, lọ máa kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá."

Mo kọ́ iṣẹ́ náà. Látìgbà náà, kò sí ajá tí mo kọ́ tó gba nǹkan níbi tó yàtọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, itọ́ ìbáà ṣàn dé ìgúnpá. Ọ̀gá fẹ́ yí orúkọ ajá náà padà, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára, kò dá òmíràn lóhùn. Ó ti darúgbó báyìí, irun ẹnu rẹ̀ ti funfun. Nígbà mìíràn tí mo bá wà nínú yáàdì, Ìyá Káyọ̀dé á yọrí lójú fèrèsé, á kígbe, "Mo mọ̀ ọ́n!" Ajá á yíjú sí i. Èmi náà á yíjú.