Agbọ̀n Yèèpẹ̀ Àkọ́kọ́ ní Ìdí-Àyìn

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ṣáájú ọdún tí àìsàn lùkúlùkú, ikọ́ burúkú tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, jà ní Òkè-Ògùn, nígbà tí ogun Jámánì kò tíì parí, mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin mọlémọlé tí apá rẹ̀ le. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òótọ́ ni pé àwọn obìnrin kan jókòó síwájú kóòtù ìlú wa títí ìjọba fi yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Òótọ́ ni. Mo wà níbẹ̀, àmọ́ ipa ẹni tó dákẹ́ ni mo kọ́kọ́ kó, ó sì ń dùn mí di òní.

Ìsàlẹ̀ ìlú ni àdúgbò wa, Ìdí-Àyìn, wà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ibà a máa wọlé lójúlé-lójúlé, inú a sì máa run àwọn ọmọ wa títí wọn yóò fi rù kan egungun. Ní òkè lọ́hùn-ún tí àwọn ìjòyè ń gbé, ara àwọn ọmọ tiwọn le koko. Èmi àti Àṣàbí aya mi ti sin àkọ́bí wa. Àdùnní, èkejì, ṣì ń rákò nígbà tí wolé-wolé dé pẹ̀lú akódà méjì, tó ń fi ọ̀pá gún ògiri wa, tó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú fi kéde pé ìdọ̀tí wa ló ń fa àìsàn, pé kí oṣù náà tó parí, wọn yóò wó ilé Ìdí-Àyìn, kí a lọ dó sí etí igbó. Òjò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Níbo ni a fẹ́ gbé ọmọ tí ibà ń ṣe gbà?

Kòtò ńlá kan wà láàrin àdúgbò wa. Omi òjò ń dúró síbẹ̀, ẹ̀fọn ń yé sí i, ewúrẹ́ ń mu níbẹ̀, àwa náà sì ń pọn níbẹ̀ nítorí odò jìnnà. Mo mọ bí kòtò náà ṣe débẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ kóòtù, òkúta wẹ́wẹ́ ni ilẹ̀ òkè, kò ṣeé fi mọlé. Ìdí-Àyìn ni wọ́n rán èmi àti ọ̀gá mi wá láti wa amọ̀ pupa tó ń lẹ̀ dáadáa.

Àṣà wa ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá bo ilé tán, onílé ni yóò da agbọ̀n yèèpẹ̀ àkọ́kọ́ sínú kòtò tí a ti wa amọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn aládùúgbò yóò dí ìyókù. Ẹnikẹ́ni kì í ṣíwájú onílé. Ṣùgbọ́n kóòtù kò ní onílé kan, ti ìlú ni. Wọ́n kan páànù rẹ̀ tán, ẹnikẹ́ni kò gbé agbọ̀n, àwa náà sì ń dúró. Ìgbà òjò mẹ́rin ni a fi dúró. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ìyá Wúrà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni olórí àwọn obìnrin tó máa ń fi ìgbẹ́ màlúù àti omi èèpo igbá, igi tó ń so irú, rẹ́ ògiri kóòtù lọ́dọọdún. Lọ́dún yẹn, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ sì ránṣẹ́ pè wọ́n. Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n dojú igbá wọn délẹ̀, wọ́n jókòó.

Olóyè tó ń bójú tó iṣẹ́ ìlú jáde sí wọn. "Ẹ dìde, ẹ ṣiṣẹ́ yín. Ajẹ́lẹ̀ ti wà lọ́nà."

"Olóyè, ẹ ní ọ̀bùn ni wá," Ìyá Wúrà dáhùn. "Ṣé ọwọ́ ọ̀bùn lẹ fẹ́ kó kan ògiri yín?"

"Ẹ mọ̀ pé mo lè tì yín mọ́lé?"

"A mọ̀. Inú kóòtù kúkú tutù ju ilé wa lọ."

Akódà na pàṣán sókè. Obìnrin kan ò mira. Abẹ́ igi ni àwa ọkùnrin wà, à ń wò. Bẹ́ẹ̀ ni ajẹ́lẹ̀ gun ẹṣin dé, òun àti ògbufọ̀ rẹ̀. Olóyè sọ fún un pé ọ̀lẹ ni àwọn obìnrin náà, pé bí ilé wọn ṣe dọ̀tí làwọn náà ṣe rí.

Ìyá Wúrà wá wò mí. "Àkànní, ta ló wa kòtò yẹn?"

Bí mo bá sọ̀rọ̀, ìjòyè kan kò ní fún mi níṣẹ́ mọ́. Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò wó ilé lórí Àdùnní.

"Èmi ni, Ìyá. Èmi àti ọ̀gá mi. Amọ̀ kóòtù yìí ni a wa níbẹ̀."

Mo lọ sí igun ògiri kóòtù kan tí òjò ti fọ ara rẹ̀ lọ, mo ya amọ̀ pupa níbẹ̀, mo fi lé ajẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní kó fi wé ilẹ̀ tó dúró lé. Ògbufọ̀ kò túmọ̀ rẹ̀. Olóyè ló ń wò.

"Ọmọ mi," Ìyá Wúrà sọ fún ògbufọ̀ náà, "túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wí i. Ìdí-Àyìn ni wọ́n bí ìyá tìrẹ náà sí."

Ó túmọ̀ rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ ní kí a mú òun lọ síbi kòtò náà. Ó débẹ̀, ó fi aṣọ bomú. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ wó ilé kankan, kí wọ́n dí kòtò. Ìyá Wúrà ní ó dáa, àmọ́ Olóyè ni yóò da ti àkọ́kọ́. Olóyè fi orí ìka gbé agbọ̀n, ó dà á. Gbogbo àdúgbò sáré wọlé lọ mú agbọ̀n.

Wọn kò wó ilé wa. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń gbé inú rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn lébìrà tí ìgbìmọ̀ ṣèlérí lẹ́yìn náà pé wọn yóò bá wa dí i kò wá, ìdajì kòtò la sì rí dí kí òjò tó dé. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo di àgbẹ̀ oníṣu. Wọ́n gbẹ́ kànga sí òkè, wọ́n ní tiwa ń bọ̀. Títí di òní, a ò tíì rí i.

Àwọn ènìyàn rò pé lùkúlùkú ló pa Àdùnní. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibà ìgbà òjò yẹn gan-an ni, nígbà tí omi ṣì wà nínú ìdajì tó kù.

Ẹ bá ìjọba jà kó gbé agbọ̀n tirẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bíi tèmi. Mo ní ọkọ́, mo ní apá, mo mọ ẹni tó wa kòtò náà, òjò mẹ́rin gbáko ni mo sì fi ń dúró de onílé.