Ìborùn Lójú Ọmọ Mi

Ọmọ mi obìnrin bá ètè yíya wáyé. Ó ya láti abẹ́ imú wá sí ẹnu, bí ìgbà tí aṣọ bá fà ya létí. Àlejò kò ní tíì bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà tí ìyá ọkọ mi á ti fi ìborùn bò ó lójú. Wọ́n á ní oòrùn ọ̀sán tí mo rìn nígbà tí mo lóyún ló fà á. Èmi tí mò ń ta iṣu ní oríta Sekona, ṣé kí n sọ fún oòrùn pé kó má ràn ni?

Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé àwọn dókítà kan ń bọ̀ wá rán ètè ọmọdé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọsibítù. Wọ́n yẹ ọmọ mi wò, wọ́n ní ara rẹ̀ ti gbó tó fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n fún wa lọ́jọ́. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé láti ìdájí ọjọ́ náà, ohunkóhun kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Wọ́n máa kùn ún lóorun. Bí ó bá bì, èébì lè dí i léèémí. Mo délé, mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọkọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé ọmọ fún wọn, mo lọ wẹ̀. A dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbóòórùn ẹnu ọmọ.

"Ìyá ọmọ, ta ló fún ọmọ yìí ní àgbo?"

"Èmi ni," ìyá ọkọ mi ló dáhùn. "Ṣé inú òfìfo ni ẹ fẹ́ kó fi pàdé ọ̀bẹ ni?"

Wọ́n dá wa padà. Àwọn dókítà náà kò lè dúró dè wá. Inú bí mi gan-an. A délé, mo pariwo mọ́ wọn. Gbogbo agbo ilé ní n kò lẹ́kọ̀ọ́. Kí n má lẹ́kọ̀ọ́!

Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí àwọn dókítà tó padà wá. Nígbà tó ku ọ̀la, mo pọn ọmọ mi, mo lọ sùn sílé ìyá mi ní Alajue. N kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì, àwọn dókítà rán ètè náà, ó pé.

Egbò san, a padà sílé. Àlejò wọlé. Ìyá ọkọ mi fúnra wọn ló ká ìborùn kúrò lójú ọmọ, wọ́n jù ú sílẹ̀.

"Ẹ wá wo ẹnu ọmọ mi! Àgbo tí mò ń fún un ló ṣe é."

A ní ká jẹ èkuru kó tán, wọ́n tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí wọn. Mo he ìborùn náà, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo sì fi nu ilẹ̀ pálọ̀ lójú wọn.